Ẹgbẹ́ Aláwàdà: Láti Orí Ìtàgé dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn kan rò pé eré ọ̀lẹ ni àwàdà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ni, èrè wà nínú rẹ̀, àdánù sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí, kí ó wo ìtàn ẹgbẹ́ Aláwàdà tí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, dá sílẹ̀.

Orin ni Ọláìyá, tí a bí ní 1936, kọ́kọ́ fi ṣe iṣẹ́. Federal Rhythm Dandies ni orúkọ ẹgbẹ́ olórin rẹ̀. Níbẹ̀ ni Sunny Adé ti ta gìtá kí ó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, Ọláìyá gbájú mọ́ eré orí ìtàgé. Hubert Ògúndé, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti 1945, a máa da orin, ijó àti ọ̀rọ̀ òṣèlú pọ̀ nínú eré rẹ̀. Àwàdà ni Ọláìyá gbé tirẹ̀ kà. Arúgbó ahun, olójúkòkòrò ni Bàbá Sàlá nínú eré. Bí ó bá ti yọ pẹ̀lú gíláàsì ojú ràgàjì àti táì tí ó rí bí labalábá ńlá, ẹ̀rín a ti sọ kí ó tó la ẹnu.

Ní ayé ìtàgé, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni owó wà. Ẹgbẹ́ òṣèré a wọ ọkọ̀ láti ìlú dé ìlú, wọn a háyà gbọ̀ngàn, wọn a sì ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá sanwó kò ní wọlé.

Tẹlifíṣàn WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 1959. Nígbà tí Aláwàdà dé orí tẹlifíṣàn, ó di dandan kí wọ́n gé eré wọn mọ ìwọ̀n àkókò tí a fún wọn. Síbẹ̀, tẹlifíṣàn kò gba ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ òṣèré. Ńṣe ni ó ń bá a kéde. Ẹni tí ó ti rí Bàbá Sàlá nínú ilé a fẹ́ lọ fi ojú rí i ní gbọ̀ngàn.

Ní 1982, Ọláìyá gbé sinimá Ọ̀run Móoru jáde. Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀. Ní àkókò náà, àwọn òṣèré Yorùbá a máa fi ọwọ́ ara wọn gbé fíìmù wọn kiri, nítorí náà ẹnu ọ̀nà ṣì wà ní ìkáwọ́ wọn. Fídíò ni ó já a gbà. Àwọn olè da Ọ̀run Móoru kọ sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tà á láìgba àṣẹ. Ta ni yóò tún ra tíkẹ́ẹ̀tì ohun tí ó ti wò nílé? Ọláìyá ṣe sinimá mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, Ààrẹ Àgbáyé wà lára wọn, ṣùgbọ́n àdánù ti Ọ̀run Móoru kò ṣe é dí. Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà dé ní 1988. Omi ti dànù kí ó tó dé.

Ọláìyá kú ní oṣù kẹwàá 2018, ní ẹni ọdún 82. Lónìí, àwọn eré rẹ̀ wà lórí YouTube, níbi tí ọmọ tí kò bá a láyé ti ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Aláwàdà òde òní tí ó ní ojúlé tirẹ̀ níbẹ̀ lè gba ìpín nínú owó ìpolówó. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá gbé eré òṣèré síbẹ̀, ẹni náà ni ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Òfin tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 2023 fún ẹni tí ó ni iṣẹ́ ní agbára láti béèrè pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá fi irú eré bẹ́ẹ̀ kọ́ni yóò ṣe dáadáa bí ó bá kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti béèrè ìbéèrè méjì: ta ni ó dá ẹ̀rín yìí, ta sì ni ó ń gba owó rẹ̀?