Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ta ló rọ ẹ̀gbà ọwọ́ àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ yín, kí sì ni wọ́n fi rọ ọ́?

Bí ìyá àgbà bá fi ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n rà ní London sílẹ̀ fún yín, ẹ má tíì tà á. Ẹ mú awò tó ń mú nǹkan tóbi, kí ẹ yẹ inú rẹ̀ àti ibi ìdè rẹ̀ wò. Àwọn àmì kéékèèké ibẹ̀ ló mọ ìtàn rẹ̀.

Bó bá jẹ́ fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì:

🔸 Kìnnìún tó ń rìn: ojúlówó ni. Nínú ìdá 1,000, ó kéré tán 925 jẹ́ fàdákà. Bàbà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù.

🔸 Àmì ìlú tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò: orí ẹkùn fún London, ìdákọ̀ró fún Birmingham.

🔸 Lẹ́tà kan ṣoṣo: ọdún ni. Kó tó di ọdún 1975, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ètò lẹ́tà tirẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ mọ ìlú.

🔸 Lẹ́tà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: orúkọ alágbẹ̀dẹ. C.H pẹ̀lú àmì ìlú Chester sábà máa ń tọ́ka sí Charles Horner ti ìlú Halifax.

Ṣé EPNS lẹ rí? Fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bo àdàlù tí bàbà àti nickel wà nínú rẹ̀.

Bí òòfà bá fa ara ẹ̀gbà náà, kì í ṣe fàdákà. Ṣùgbọ́n bí kò bá fà á, ẹ má tíì yọ̀: òòfà kì í fa idẹ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kànìnkànìn onírin ha á. Bí àmì bá pa rẹ́, orúkọ ẹni tó rọ ọ́ ti bá a lọ nìyẹn.