Ohun Tó Ń Mú Ẹmu Hó
Ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí ọ̀pẹ máa ń dùn nítorí ṣúgà inú rẹ̀, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí díẹ̀, ìwúkàrà, ìyẹn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, yóò ti máa sọ ṣúgà náà di ọtí àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide, èyí tó ń mú un hó. Ní ọdún 1857, Louis Pasteur, onímọ̀ ará Faransé, kọ̀wé pé ohun abẹ̀mí ló ń fa irú ìyípadà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá dé ìgò ẹmu pinpin, afẹ́fẹ́ carbon dioxide náà yóò máa ti ara ìgò láti inú, ìgò náà sì lè bẹ́. Lẹ́yìn tí ṣúgà bá ti di ọtí, bakitéríà á lo ọ́síjìn láti sọ ọtí di ásíìdì, ìdí nìyẹn tí ẹmu àná fi ń kan.