Ta Ni Ó Kọ Ìtàn Yìí, Nítorí Ta Ni Ó sì Ṣe Kọ Ọ́?

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ìtàn rí. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ti ìjọba Songhai wò, ìjọba Gao àti Timbuktu lápá òkè Odò Ọya.

Sonni Ali jọba níbẹ̀ láti 1464 títí di 1492. Lọ́dún 1493, Askia Muhammad, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè rẹ̀, gba ìjọba lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ohun tí a kà ni pé aninilára ni Sonni Ali, ẹni rere sì ni Askia, tí ó lọ sí Mẹ́kà. Ta ni ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Al-Sa'di, ààfáà Timbuktu, ni, nínú Tarikh al-Sudan, ní nǹkan bí 1655. Sonni Ali ti pa lára àwọn ààfáà ìlú náà. Askia sì bu ọlá fún wọn. Èmi kò pe al-Sa'di ní òpùrọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ gbà pé Sonni Ali a máa fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí àwọn ààfáà kan. Ṣùgbọ́n ẹnu àwọn ààfáà nìkan ni a ti gbọ́ ẹjọ́ náà.

Ti Tarikh al-Fattash ni ó burú jù. Lọ́dún 1913 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Paris, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ìwé àtijọ́ pọ́ńbélé ni. Ní 1971, ọ̀mọ̀wé Levtzion fi hàn pé àfikún wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Nobili ṣàlàyé rẹ̀ síwájú sí i ní 2020. Ààfáà kan, Nuh ibn al-Tahir, ni ó tún ìwé àtijọ́ kan kọ láàárín 1800 sí 1850, nítorí ọ̀gá rẹ̀, Ahmad Lobbo, olórí Masina. Ó fi àsọtẹ́lẹ̀ sí i pé Lobbo ni yóò jẹ́ kálífà kejìlá. Ọ̀rọ̀ tí ó pe àwọn ẹ̀yà kan ní ẹrú àjogúnbá náà wà nínú àfikún yìí. Ẹ wo ohun tí gègé ààfáà lè ṣe: ó lè sọ ẹni òmìnira di ẹrú!

Àwa oníkéwú kì í gba hádíìsì láì béèrè ẹnu ẹni tí ó ti wá. Ẹ̀yin oníṣòwò kì í sì í ra ọjà inú àpò láì tú u wò. Nígbà tí wọ́n bá ka ìtàn ìlú tàbí ti ìdílé fún yín, ẹ béèrè ẹni tí ó kọ ọ́, ìgbà tí ó kọ ọ́, àti ẹni tí ó jẹ èrè rẹ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a mọ òtítọ́. Àmín.