Agboolé Tí Kò Ní Baálé

Bí ibi iṣẹ́ yín bá ní kí ẹ lọ ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ ní Jámánì, òtútù ni gbogbo ẹni tó bá gbọ́ yóò kọ́kọ́ kìlọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹ̀gbọ́n yín á ra súwẹ́tà, ìyá yín á di ata gígún sínú báàgì, ẹnìkan á sì bá yín wá ṣòkòtò tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ ṣòkòtò. Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́. Owó ẹ̀wù ni òtútù ń fẹ́, bí ẹ bá ti ra ẹ̀wù, ó ti bùṣe. Ilé gbígbé ló ń da àlejò láàmú níbẹ̀: ilé alájà mẹ́rin tí ìdílé mẹ́jọ ń gbé, tí kò sẹ́ni tó ń pariwo, tí kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ, síbẹ̀ tí gbogbo wọn mọ ẹni tó kàn láti gbálẹ̀.

Stuttgart ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní báyìí, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe Mercedes àti Porsche ní ìhà gúúsù Jámánì. Inú kòtò tó rí bí abọ́ ni àárín ìlú wà, òkè yí i ká, ọgbà àjàrà sì ń ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ nígboro. Àtẹ̀gùn olókùúta tó lé ní 400 ló so òkè mọ́ ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ti gun Òkè Olúmọ rí kò ní bẹ̀rù wọn. Ará Swabia ni wọ́n ń pe àwọn èèyàn agbègbè náà, àwọn ará Jámánì yòókù sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ahun ni wọ́n, pé ìmọ́tótó sì ti pọ̀ lápọ̀jù lọ́wọ́ wọn. Èmi ò bá wọn dá sí ti ahun. Ti ìmọ́tótó ni mo lè jẹ́rìí sí.

Ẹ rántí bí agboolé ṣe rí nílé. Baálé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ ká ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Ìyàwó tí wọ́n gbé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ jí gbá ojúde. Ẹni tó bá sì da omi ìdọ̀tí sídìí àmù, ìyálé ò ní bá a jà. Yóò kàn máa kọrin òwe nígbà tó bá ń lọ ata, orin náà á sì dé etí ẹni tó ni ín. Gbogbo èyí ló wà nílé àwọn Jámánì, àfi baálé nìkan. Ìwé ni baálé ibẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n kàn án mọ́ ògiri lẹ́nu ọ̀nà: kí ariwo dákẹ́ láti aago mẹ́wàá alẹ́ di mẹ́fà òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi kẹ̀kẹ́ dí ọ̀nà, kí wọ́n máa pa ilẹ̀kùn ìta dé. Bí ẹ bá ṣẹ̀ sí i, ẹ ó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kan, ẹ ó bá bébà kékeré lára ilẹ̀kùn yín. Wọ́n á kọ́kọ́ kí yín nínú rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó kàn. Orin òwe ni, ẹ̀yin ará ilé mi, kò kàn lóhùn ni.

Ti ilẹ̀ gbígbá ló dùn mọ́ mi jù. Ọ̀sẹ̀ gbígbálẹ̀ ń yípo láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, Kehrwoche ni wọ́n ń pè é. Ó ti pẹ́ nílẹ̀: ní 1714 ni Duke Eberhard Ludwig tó ń jọba níbẹ̀ ṣòfin pé kí àwọn ará Stuttgart máa gbá ojú títì tó wà níwájú ilé wọn. Ní 1988 ni ìjọba ìlú wọ́gi lé òfin náà, ṣùgbọ́n kò ran nǹkan, nítorí àwọn onílé ti kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ilé wọn. Bí ó ṣe ń lọ rèé. Pátákó pẹlẹbẹ kan wà tó ní okùn lórí. Ẹni tí ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ bá parí á gbé e kọ́ ilẹ̀kùn ẹni tó kàn, láìkanlẹ̀kùn, láìsọ ohunkóhun. Kékeré wà, ńlá wà: kékeré ni àtẹ̀gùn iwájú ilẹ̀kùn yín, ńlá ni ojúde, àyíká garawa ìdọ̀tí, àti yìnyín tí ẹ gbọ́dọ̀ kó kúrò lójú ọ̀nà kí àwọn èèyàn tó máa lọ síbi iṣẹ́.

Màmá àgbàlagbà tó ń gbé lójúkojú mi ló kọ́ mi. Láti òkè wá sísàlẹ̀ ni, ìgbálẹ̀ kọ́kọ́ lọ, àkísà tútù tẹ̀ lé e, ẹ nu irin ìdìmú, ẹ má sì gbàgbé kọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àpótí lẹ́tà. Mo ní, "Màmá, ibí yìí ṣáà mọ́." Ó ní, "Ó mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yín ni." Ẹ gbọ́, ìyá tó bí mi gan-an ì bá sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti nu irin náà ni àwọn ará ilé ti ń kí mi pẹ̀lú orúkọ bàbá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò lè pè é dáadáa.

Àlejò tó bá wọ abúlé wa, tó fẹ́ sùn ju ọjọ́ mélòó kan lọ, wọ́n á mú un lọ fojú kan baálẹ̀. Ọ́fíìsì ìlú ni baálẹ̀ ní Jámánì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹ bá kó wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ mú ìwé tí onílé buwọ́ lù dání pé lóòótọ́ ni ẹ ń gbé ọ̀dọ̀ òun. Láìsí èyí, ohunkóhun ò ní ṣẹnuure. Nọ́ńbà owó orí yín á ti ibẹ̀ jáde, báńkì náà á máa bèèrè ìwé rẹ̀, ìwé ìgbélùú yín á tẹ̀ lé e. Lẹ́tà sì ni gbogbo rẹ̀ ń bá wá. Nítorí náà, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti lẹ orúkọ yín mọ́ àpótí lẹ́tà, torí bí orúkọ ò bá sí níbẹ̀, dídá ni akólẹ́tà ń dá lẹ́tà padà. Báńkì á fi káàdì ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan, á fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, bí ẹni gbé àpótí lé Táíwò lọ́wọ́, tó wá fún Kẹ́hìndé ní kọ́kọ́rọ́.

Lẹ́tà kan wà tí yóò bí yín nínú. Láti ọdún 2021 ni wọ́n ti ń gba yúrò 18.36 lóṣù lórí ilé kọ̀ọ̀kan fún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n gbogboògbò, ì báà jẹ́ pé ẹ ò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo ti gbìyànjú láti fi ojú owó ọdẹ àdúgbò wò ó, èyí tí ẹni tí kò ní nǹkan tí olè lè jí náà ń san. Inú mi ò tíì yọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ ìgò ní tirẹ̀ rọrùn fún wa. Ta ni kò rántí pé a kì í gbé míníra onígò lọ sílé bí a ò bá kó òfìfo ìgò wá tàbí ká fi owó ìgò dúró? Ìyá oníṣọ́ọ̀bù á kọ ọ́ sẹ́yìn páálí pé ìyàwó Lékan, ìgò mẹ́fà. Àwọn Jámánì sọ tiwọn di òfin fún agolo àti ìgò oníke ní 2003. 25 sẹ́ǹtì ni lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lónìí, 8 sẹ́ǹtì lórí ìgò bíà onígíláàsì, débi pé bí ẹ bá ra omi tó pọ́ọ́kú jù, owó ìgò lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó omi. Ẹ̀rọ ló wà níbi tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù ì bá jókòó sí. Ihò róbótó ni, ó ga tó àyà. Ẹ ti ìgò wọ̀ ọ́, á máa yí i bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà, ó ń wá àmì tó wà lára rẹ̀. Bó bá rí i, á gbé e mì, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe ń rún un wómúwómú nínú ikùn. Bí ẹ bá ti tẹ ìgò náà pẹlẹbẹ nílé tí àmì náà ti ká, á pọ̀ ọ́ síta fún yín. Tó bá tán, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ẹ gba ìwé pélébé, ẹ mú un lọ bá ẹni tó ń gbowó.

Ẹni tó bá mu omi lójú ọ̀nà, tí kò fẹ́ ru ìgò kiri, kì í jù ú sínú garawa ìdọ̀tí. Ẹ̀gbẹ́ garawa ló ń gbé e sí. Àgbàlagbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò tó jẹun á kọjá, á mú un láìki ọwọ́ bọ ìdọ̀tí, bí àwọn àgbẹ̀ wa kì í ti í ká oko ẹ̀wà tán pátápátá kí ẹni tó fẹ́ pèéṣẹ́ lè rí nǹkan mú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí tó kàn, torí owó ló ń jẹ. Onílé lè gba owó ìdúró tó tó owó ilé oṣù mẹ́ta. Òfin ò gbà kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀kan lára ohun tó lè jẹ owó náà ni kí ògiri bu sí yín lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sá èlùbọ́ rí mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá kánjú di gbodo sínú àpò nígbà tí omi ṣì kù nínú rẹ̀, kò ní pẹ́ bu. Òjò ò pa á. Omi inú rẹ̀ gan-an ni kò ríbi jáde. Fúláàtì Jámánì nígbà òtútù ni àpò yẹn. Rọ́bà yí ẹnu fèrèsé ká, gíláàsì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, ẹ̀fúùfù ò lè yọ́ wọlé. Nínú rẹ̀ ni ẹ ti ń mí lóru, tí ẹ ti ń fi omi gbígbóná wẹ̀, tí ẹ ti ń ro àmàlà, tí ẹ tún ń sá aṣọ. Gbogbo oru omi yẹn á wá ibi tó tutù jù lára ògiri, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tàbí igun òkè, á sẹ̀ síbẹ̀ bí ìrì, nǹkan dúdú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù.

Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí wọn tí wọ́n ṣí fèrèsé gbàgà nígbà tí yìnyín ń bọ́, tí ẹ ó rò pé orí wọn ti dàrú. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ni, bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, wọ́n á sì ti pa ẹ̀rọ amúlémóoru ná. Atẹ́gùn òtútù tó wọlé gbẹ ju ti inú ilé lọ. Bó bá ti móoru, á fa omi tó kù mọ́ra. Ẹ má ṣe bí àlejò tó ṣí i díẹ̀ láàárọ̀ tó fi lọ síbi iṣẹ́. Ògiri nìyẹn á mú tutù, omi náà kò sì ní jáde tó. Gbàgà, kí ẹ tì í. Ó tún wà nínú ìwé àdéhùn ilé àwọn mìíràn.

Ọjọ́ Àìkú ńkọ́? Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé Orò fẹ́ jáde. Ṣọ́ọ̀bù tì, ọjà dákẹ́, ẹnìkan ò gbọdọ̀ lu ògiri tàbí gé koríko; kódà ìgò gíláàsì, ẹ ò gbọdọ̀ lọ dà á sínú àpótí rẹ̀ ní ìgboro torí ariwo. Inú òfin tó ga jù lórílẹ̀-èdè náà ló wà: wọ́n kọ ọ́ ní 1919, wọ́n sì gbé e bọ inú ti 1949. Ilé epo, ṣọ́ọ̀bù ibùdókọ̀ ojú irin àti oníbúrẹ́dì ló sábà máa ń gbà yín. Nítorí náà, ọjọ́ Sátidé ni ẹ máa lọ bá àwọn ọmọ Gánà àti Nàìjíríà tó ń ta iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà.

Wọ́n sì ń kíni o, ẹ má gbọ́ ti ẹni tó ní òyìnbó kì í kíni. Bí ẹ bá wọ yàrá tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, ẹ kí gbogbo ẹni tó jókòó. Bí ẹ bá ń jáde, ẹ dágbére. Níbi iṣẹ́, ọlọ́jọ́ ìbí fúnra rẹ̀ ló ń gbé kéèkì wá fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹ má kí i kí ọjọ́ náà tó pé. Ojú burúkú ni wọ́n á fi wò yín, àfi bí ẹni kí aláboyún kú ewu ọmọ. Ohun tí mi ò tíì gbà fún wọn ni pé ẹ ò lè ṣàdédé yà nílé ọ̀rẹ́. Ẹ ó dá ọjọ́, ẹ ó dá aago, bóyá ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Nílé, bí oúnjẹ bá ti jinná tí ẹnìkan ń kọjá, "ẹ wá jẹun" ni. Ó ń ṣe mí bíi kí n ké e láti ojú fèrèsé tí mo bá ṣí gbàgà.

Bí ọjọ́ bá pé tí ẹ ń bọ̀ nílé, ẹ padà lọ sọ fún ọ́fíìsì ìlú pé ẹ ń lọ. Wọ́n ń gbà á láti ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú títí di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹ bá kó kúrò. Ẹ gba ìwé rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí àwọn olówó rédíò, torí bí ẹ ò bá sọ fún wọn, yúrò 18.36 yẹn á ṣì máa gorí ara wọn lóṣooṣù nígbà tí ẹ ti wà ní Òṣogbo.