Ẹ̀rù Ló Ń Ba Ẹṣin, Agídí Kọ́

Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò gùn rí kì í rí ojúure. Wọ́n á so ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, wọ́n á fi aṣọ bò ó lójú, wọ́n á di gàárì mọ́ ọn lẹ́yìn, géńdé kan á sì fò gùn ún. Ẹṣin á máa fò sókè, á máa tàpá, títí agbára á fi tán nínú rẹ̀. Iṣẹ́ yá lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rù ò kúrò lára ẹṣin, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gùn ún sì fi ara pa.

Tom Dorrance, tí wọ́n bí ní 1910 sí ìdílé àwọn tó ń sin màlúù ní Oregon, kò fara mọ́ èyí. Òun àti Bill ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a máa wo ìṣesí ẹṣin dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹran tí ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni ẹṣin. Sísá ni ààbò rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí a ń fò gùn gan-an sì ni kìnnìún máa ń bẹ́ lé. Ta ni kò ní tàpá?

(Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun pátápátá. Xenophon ará Gíríìsì ti kìlọ̀ ní nǹkan bí 350 ọdún ṣáájú ìbí Jésù pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìbínú sún mọ́ ẹṣin.)

Ẹṣin oníjọ̀ngbọ̀n kan tó ń jẹ́ Hondo ló gbé Ray Hunt, agẹṣin kan, dé ọ̀dọ̀ Tom Dorrance. Hunt kọ́ ẹ̀kọ́ náà, ó gbé e kiri ìlú, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1978.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Olùkọ́ á rọra fa okùn. Bí ẹṣin bá ti gbé ẹsẹ̀ kan péré síbi tí a fẹ́, kíá ni yóò dẹ okùn náà. Dídẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó dẹ̀ ẹ́ ti kọ́ ẹṣin ní nǹkan mìíràn. Àkẹ́bàjẹ́ kọ́ o: ẹṣin tó bá fẹ́ tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀, wọ́n á lé e sẹ́yìn láìfi ìbínú ṣe é.

Buck Brannaman, ọmọ ẹ̀yìn Hunt, mọ ẹ̀rù dáadáa. Bàbá rẹ̀ nà án ní ìnàkúnà ní kékeré, títí wọ́n fi gbé e fún ìdílé mìíràn tọ́ ní Montana. Òun ló gba Robert Redford nímọ̀ràn nígbà tó ń ṣe fíìmù The Horse Whisperer tó jáde ní 1998.

Ọ̀nà yìí ní ààlà. Nínú Buck, fíìmù tí Cindy Meehl ṣe nípa Brannaman ní 2011, ẹṣin kan wà tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, tó sì bu ènìyàn jẹ lórí. Brannaman kò dá ẹṣin náà lẹ́bi. Àwọn ènìyàn tó tọ́ ọ ló dá lẹ́bi.