"Ṣé Ó Yé Yín?" Kò Tó

"Ṣé ó yé yín?" Bí olùkọ́ bá ti béèrè èyí, gbogbo kíláàsì a hó gèè pé, "Ó yé wa, sà!" Àwa náà hó bẹ́ẹ̀ nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nǹkan ni kò yé wa. Ẹ̀rù pàṣán ló ń bà wá.

Láìpẹ́ yìí, a ní kí ọmọ wa ka iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ sí wa létí. Ó ka bí omi ṣe ń di oru láti orí, kò ṣi ẹyọ kan. A wá nawọ́ sí okùn aṣọ lẹ́yìnkùlé, a ní, "Omi tí ó wà lára ṣòkòtò tí o fọ̀ láàárọ̀, níbo ló gbà lọ?" Ọmọ wò sùn-ùn. Ó ní ó kán sílẹ̀ tán ni. A kò bá a wí. A tún bi í pé, "Kí ló dé tí aṣọ fi ń tètè gbẹ nígbà ọyẹ́ ju ìgbà òjò lọ?" Ó ronú títí, lẹ́yìn náà ó fò sókè: "Afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ! Nígbà òjò, omi ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́!" Ohun tí ó wà lórí ahọ́n ti wọ inú ọpọlọ.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa ọ̀wọ́n, ìbéèrè kan wà tí ń wá ohun tí ọmọ há sórí: "Kí ni orúkọ olú ìlú Nàìjíríà?" Òmíràn ń wá ohun tí ó rò: "Báwo ni o ṣe mọ̀? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?" Méjèèjì wúlò, ṣùgbọ́n èkejì ni ó ń la ọmọ lójú.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ sùúrù. Mary Budd Rowe, olùwádìí ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1974 pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 lọ kí wọ́n tó pe ẹlòmíràn tàbí kí wọ́n dáhùn fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sábà sọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn.

Nítorí náà, ẹ béèrè, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀. Bí ọmọ bá ṣì í, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì gbé pàṣán. Ẹ bi í pé, "Kí ló mú ọ rò bẹ́ẹ̀?" Ẹ jẹ́ kí òun náà bi yín. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ fún un pé, "Jẹ́ kí á jọ wá a."

Nígbà tí Jésù jẹ́ ọmọ ọdún 12, àárín àwọn olùkọ́ ni wọ́n ti bá a nínú Tẹ́ḿpìlì, tí ó ń gbọ́, tí ó sì ń béèrè. Ẹnikẹ́ni kò pa á lẹ́nu mọ́. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbéèrè kú lẹ́nu àwọn ọmọ wa.