Bí A Ṣe Ń Fọ Pánẹ́ẹ̀lì Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Kó Tó Lè Jí



Kọ̀ǹpútà kan wà ní ilé-kéwú wa nílùú Ẹdẹ, tòkunbọ̀ tí Àáfà wa àgbà rà ní Ìkẹjà lọ́dún 1998. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ tafusíìrù wọn sí ní èdè Lárúbáwá, lóru, nígbà tí iná bá wà. Lẹ́yìn tí wọ́n jáde láyé, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, abẹ́ àtẹ̀gùn la gbé e sí. Nígbà tí a fẹ́ tan án padà, kò dáhùn. Àwọn ọ̀dọ́ ní ká tà á fún àwọn tó ń ra kóńdẹ́mù.

A kọ́kọ́ yọ hard disk inú rẹ̀, a so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tuntun. Iṣẹ́ Àáfà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ wúruwùru ló jáde lójú rẹ̀, nítorí ètò ìkọ̀wé Lárúbáwá tí wọ́n lò kò sí lórí kọ̀ǹpútà òde òní. Àfi kí ti àtijọ́ yìí fúnra rẹ̀ jí. Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Òkè Gadà nìyẹn, ẹni tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe.

Kì í ṣe ọjọ́ orí ló sábà ń pa irú kọ̀ǹpútà báyìí. Eruku ọyẹ́ ni, ìgbẹ́ ọmọńlé ni, aáyán ni, ọ̀rinrin ni. Èyí tó burú jù ni bátìrì kékeré orí pánẹ́ẹ̀lì, tó ń bá a rántí ọjọ́ àti aago. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgbà 386 àti 486 ló ní bátìrì nickel-cadmium tí wọ́n fi òjé jó mọ́ pánẹ́ẹ̀lì. Bó bá pẹ́, á jo. Omi inú rẹ̀ kì í ṣe ásíìdì o, òdìkejì ásíìdì ni, ó jọ omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Òun ló ń jẹ àwọn ọ̀nà bàbà tín-ín-rín tí iná ń gbà kọjá. Tí ẹ bá rí ìpẹ́pẹ́ funfun tàbí aláwọ̀ ewé lẹ́bàá bátìrì, ó ti jo nìyẹn. Àwọn kọ̀ǹpútà tó dé lẹ́yìn náà ń lo CR2032, tó pẹlẹbẹ bíi kọ́bọ̀, ìyẹn kì í sábà jo.

Ẹ yọ wáyà kúrò lára iná kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ má tú àpótí power supply rárá, nítorí iná lè ṣì wà nínú kapásítọ̀ rẹ̀. Ẹ fi fóònù ya àwòrán bí gbogbo okùn ṣe wà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì lé àwọn ọmọdé jìnnà: májèlé ni cadmium àti òjé.

Ọ̀gá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku, ó gé bátìrì náà kúrò, ó wá ki búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ fínígà, ó fi fọ ibi tó jo. Ó hó díẹ̀. Nígbà tí kò hó mọ́, ó fi omi distilled ṣan án. Ẹ kíyè sára níbí: ọ̀dọ̀ oníbátìrì mọ́tò la ti ra omi náà, ásíìdì bátìrì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú irú ike kan náà. Ẹni tó bá ṣì í gbé, ó ti sin pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Lẹ́yìn omi ló kan isopropyl alcohol, tó ń lé omi tó kù jáde, tó sì ń tètè gbẹ. Ọmọ kéwú kan béèrè bóyá Mùsùlùmí lè fọwọ́ kàn án. Kì í ṣe ohun mímu, májèlé ni fún ẹni tó bá mu ún, ọ̀pọ̀ onímọ̀ òde òní ló sì gbà á láàyè fún ìtọ́jú àti ìfọ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kó ṣan ọwọ́ kó tó kírun.

A fi rọ́bà ìparẹ́ rọra pa ẹsẹ̀ memory, a tún un kì bọ ààyè rẹ̀. (Èyí nìkan ti jí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó náwó.) Ọ̀nà bàbà kan ti já, ọ̀gá fi wáyà tín-ín-rín jó o padà. Ọjọ́ méjì ló fi gbẹ níwájú fáànù, kì í ṣe nínú oòrùn.

Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ ti nǹkan bí ọdún 1999 sí 2007, kapásítọ̀ ni kó wò. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe nígbà náà ni orí rẹ̀ ń wú. Fífọ̀ kò lè wo ìyẹn, àfi pípààrọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ó tàn. Ó ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1980 la wà, nítorí kò sí bátìrì tó máa bá a rántí mọ́. A tún ní láti sọ irú hard disk tó ní fún un. Lẹ́yìn náà ni Lárúbáwá Àáfà jáde kedere. Fóònù la fi ń ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan báyìí, a sì ti dé Suratul-Kahf.